"Ẹ̀gbọ́n" ni shixiong, kì í ṣe "arákùnrin àgbà"

Ẹ̀yin ará, ẹni tó ń túmọ̀ ìtàn Ṣáínà ti Bai Qian àti Ye Hua bi wá bóyá kí òun pe shixiong (ọmọ iṣẹ́ ọkùnrin tó jẹ́ àgbà ẹni lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà) ní "arákùnrin àgbà", kí òun sì pe shidi (èyí tó jẹ́ àbúrò ẹni níbẹ̀) ní "arákùnrin kékeré". Àwọn kan ti fara mọ́ ọn. Èmi ò fara mọ́ ọn. Gẹ̀ẹ́sì tó ń wò kọ ni kò ní ẹ̀gbọ́n, tí kò ní àbúrò, ló ṣe ń so ọ̀rọ̀ méjì mọ́ra. Kí ló kan àwa tó ní in nílé?

Fún ẹni tí kò mọ ìtàn náà: Tang Qi ló kọ ọ́, wọ́n sì fi ṣe eré tẹlifíṣọ̀n alápá 58 ní ọdún 2017. Bai Qian, ọmọ ọba àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ onírù mẹ́sàn-án, múra bí ọkùnrin, ó pe ara rẹ̀ ní Si Yin, ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Mo Yuan lórí òkè Kunlun. Òun ni ọmọ iṣẹ́ kẹtàdínlógún, òun ni àbúrò gbogbo wọn.

Ọjọ́ tí èèyàn wọlé ọ̀gá ni wọ́n fi ń mọ shixiong, kì í ṣe ọjọ́ ìbí. Ẹnìkan ní ìdí nìyẹn tí "ẹ̀gbọ́n" kò fi bá a mu. Ṣé lóòótọ́? Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ìyàwó àbúrò bàbá mi wọlé. Ó lè gbé mi pọ̀n nígbà náà. Títí dòní, "Akọ̀wé mi" ló ń pè mí, kò dárúkọ mi rí, torí ó bá mi nílé. Ìyáálé tó kéré lọ́jọ́ orí sí ìyàwó, ìyáálé náà ni. Láàárín àwọn ọmọ awo, ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀fá ni àgbà. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ti ẹnu ọ̀nà ka àgbà.

Ibi tó ti ń dùn mí díẹ̀ ni pé "àbúrò" kò sọ akọ, kò sọ abo. Ọkùnrin ni shidi, shimei ni obìnrin, orúkọ àkọ́kọ́ yìí ni wọ́n sì ń pe Si Yin nítorí wọn ò fura. "Ó" tiwa náà kò ràn wá lọ́wọ́. Ti Ṣáínà dà bíi tiwa létí, "ta" ni wọ́n ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ wọ́n sílẹ̀ yàtọ̀. Kí olùtumọ̀ kàn fi "ọmọkùnrin yìí" sẹ́nu àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ó ti tó.

Ìbejì ló le jù. Ìbejì ni Mo Yuan àti Ye Hua. Èyí tó kẹ́yìn kò yè, bàbá wọn fi ẹ̀mí rẹ̀ pamọ́ sínú òdòdó òṣíbàtà aláwọ̀ wúrà kan ní Kunlun, òun ló padà wá di Ye Hua. Àbúrò ni lójú àwọn ará Ṣáínà. Lójú tiwa ńkọ́? Kẹ́hìndé ló rán Táíwò jáde lọ tọ́ ayé wò, Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n! Bí ẹ bá kọ "ìbejì" tí ẹ dákẹ́, òǹkàwé á ti fi Ye Hua ṣe ẹ̀gbọ́n kó tó ṣí ojú ìwé kejì. Ẹ kọ "àbúrò rẹ̀" gbangba, kí ẹ sì fi Táíwò òun Kẹ́hìndé sílẹ̀, bó ti wù kó dùn lẹ́nu tó.

Èyí náà ló mú mi kọ̀ "bàbá" fún shifu, orúkọ tí ọmọ iṣẹ́ fi ń pe ọ̀gá rẹ̀. Mo mọ̀ pé bàbá wà nínú ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, wọ́n sì máa ń pa á lówe pé ẹni tó kọ́ ọ lọ́jọ́ kan, bàbá rẹ ni títí ayé. Ṣùgbọ́n Ye Hua ni Bai Qian fẹ́. Bí Mo Yuan bá jẹ́ "Bàbá", àbúrò bàbá rẹ̀ ló fẹ́ yẹn! Èèwọ̀ lèyí tí Tang Qi kò kọ. "Ọ̀gá" ni kí ẹ lò.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn olólùfẹ́ ìtàn tó ń jà lórí ẹni tó yẹ Bai Qian. Àwọn kan ní Mo Yuan ni, ẹni tí Bai Qian fi ẹ̀jẹ̀ ọkàn ara rẹ̀ tọ́jú òkú rẹ̀ fún 70,000 ọdún kó má baà jẹrà. Àwọn kan ní Ye Hua ni, tó jẹ́ ọmọ aládé tó sì ń wọ ilé ìdáná lọ se oúnjẹ fún un. Kí la ó pe irú àwọn bẹ́ẹ̀? Àbá tèmi ni "alárinà": "Alárinà Ye Hua ni mí." Wọ́n ti bẹnu àtẹ́ lù ú pé tí tọkọtaya bá mọ ara wọn tán, alárinà á yẹ̀bá, àwọn wọ̀nyí kì í sì í yẹ̀. Òótọ́ ni. Wọ́n ti ṣègbéyàwó tipẹ́, èmi náà ò tíì yẹ̀.