Kíbọ́ọ̀dù MIDI tan iná, àmọ́ FL Studio kò rí i

OnídùùrùTuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà sítúdíò. Kíbọ́ọ̀dù MIDI (irú dùùrù tó ń fi kọ̀ǹpútà dún) kékeré oníkíì 25 ni mo so mọ́ láátọ̀ọ̀pù tó ń lo Windows 10, FL Studio ni mo sì fi ń gba orin sílẹ̀. Ihò pẹlẹbẹ kékeré bíi ti àwọn fóònù àtijọ́ ló wà lẹ́yìn kíbọ́ọ̀dù náà. Bí mo bá ti so ó, iná rẹ̀ á tàn, bọ́tìnnì Octave tó ń gbé ohùn lọ sókè sódò náà á mọ́lẹ̀, àmọ́ Windows kì í ké bó ṣe máa ń ké nígbà tí nǹkan tuntun bá wọlé. Mo tẹ F10 nínú FL, mo lọ sí MIDI, òfìfo ni abẹ́ Input. Mo ti pààrọ̀ ihò USB lẹ́ẹ̀mẹta, mo ti pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Pàbó ni.

Wáyà tó bá kíbọ́ọ̀dù wá ti sọnù, ti páwà báǹkì ni mo fi rọ́pò. Ṣé dráíbà (ètò tó ń jẹ́ kí Windows mọ ohun tí a so) ni kí n wá kiri, àbí kíbọ́ọ̀dù yìí ti kú?

WáyàÒunIná

Kò kú. Ìdáhùn wà nínú gbólóhùn yín tó kẹ́yìn.

Okùn mẹ́rin ló wà nínú wáyà USB irú èyí. Pupa ń gbé iná fóltì 5 lọ, dúdú ń dá a padà. Aláwọ̀ ewé àti funfun ló ń gbé ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ wáyà páwà báǹkì, pupa àti dúdú nìkan ni wọ́n fi sínú rẹ̀ kó lè pọ́ọ́kú. Ìdí nìyẹn tí iná fi ń tàn tí Windows kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wọlé.

Ẹ fi wáyà yẹn so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà kan náà. Bí fóònù bá ń gba iná, ṣùgbọ́n tí kò fún yín láyè rárá láti gbé fáìlì, wáyà ni ọ̀daràn. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ data sí lára, kó má gùn ju mítà 2 lọ, kí ẹ sì so ó tààrà mọ́ láátọ̀ọ̀pù. Ẹ má fi họ́ọ̀bù (ohun tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀) tí kò ní iná tirẹ̀ sáàárín.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Windows àti X pọ̀, ẹ yan Device Manager, ẹ ṣí Sound, video and game controllers. Orúkọ kíbọ́ọ̀dù yín ló yẹ kó yọ níbẹ̀, tàbí kí wọ́n kàn kọ USB Audio Device. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má tíì fọwọ́ kan FL rárá, torí ohun tí Windows kò rí, FL kò lè rí i. Ní ti dráíbà, ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù kékeré irú èyí kò nílò ọ̀kan, Windows ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ má lọ da dráíbà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà yín.

BíìtìLókè

Ẹ kàn da ASIO4ALL, dráíbà ohùn yẹn, sórí ẹ̀, gbogbo ẹ̀ á tò.

OnídùùrùTuntun

Wáyà ni lóòótọ́! Mo yá ti pírǹtà… rárá o, ẹnu ti pírǹtà tóbi jù, ti háádì dísìkì kan ni mo wá fi dán an wò. Windows ké, orúkọ kíbọ́ọ̀dù sì yọ nínú Device Manager àti nínú F10. Mo dúpẹ́ gan-an.

Àmọ́ tí mo bá tẹ Enable, FL ń sọ pé òun kò lè ṣí i. Mo tẹ kíì títí, kò dún. Tí mo bá tẹ lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, dùùrù FL Keys ń dún dáadáa. FL nìkan ni mo ṣí, yàtọ̀ sí Chrome tí mo ti ń fi kíbọ́ọ̀dù náà dán ojú-ìwé ìkọ́ni dùùrù kan wò.

Ìyá Míkísà

Ẹ jẹ́ ká tú nǹkan kan ná. MIDI kì í gbé ohùn. Ọwọ́ onílù ni, ìlù fúnra rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà. Tí ẹ bá tẹ kíì kan, báìtì mẹ́ta péré ló ń gba inú wáyà kọjá: èkíní sọ pé wọ́n ti tẹ kíì, ó sì sọ ìkànnì wo ni nínú mẹ́rìndínlógún, èkejì sọ kíì wo ni, 60 ni C àárín, ìkẹta sọ bí ìka ṣe le tó, láti 1 dé 127. Torí náà, "kò dún" lè jẹ́ ẹjọ́ méjì: bóyá ọwọ́ kò kan ìlù, bóyá kò sí ìlù níbẹ̀. Lẹ́tà kọ̀ǹpútà yín ń dún, ìlù wà níbẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́ ni kò tíì débẹ̀.

Chrome ló dì í mú. Lórí Windows 10, bí ètò kan bá ti ṣí ẹnu ọ̀nà MIDI, òmíràn kì í sábà lè wọlé títí tí ti àkọ́kọ́ á fi jáde. Ẹ pa Chrome pátá, kì í ṣe ojú-ìwé yẹn nìkan. Ẹ pa FL náà. Ẹ yọ wáyà, ẹ ka ẹ̀ẹ́wàá, ẹ tún un so, ẹ wá ṣí FL. Ẹ lọ sí F10, MIDI, ẹ tẹ orúkọ kíbọ́ọ̀dù lábẹ́ Input kó mọ́lẹ̀, ẹ tan Enable, ẹ fi Controller type sí generic controller. Ibi Enable yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú: wọ́n á rí orúkọ, wọ́n á rò pé ó ti tán.

Ẹ wá tẹ kíì kan, kí ẹ máa wo iná kékeré tó ń ṣẹ́jú fún MIDI lókè ojú FL. Bó bá ṣẹ́jú tí ẹ kò sì gbọ́ nǹkan, ọwọ́ ti dé nìyẹn, ẹ wá ìlù. Ohun èlò tí ẹ bá yàn nínú Channel Rack (àkójọ ohun èlò inú FL) ni kíbọ́ọ̀dù ń lù, kì í ṣe gbogbo wọn. Tí ẹ bá yan Sampler tí kò sí ohùn kankan nínú rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ dọ̀la, kò ní fọhùn. Ẹ tún wo Octave. Octave méjì péré ni kíì 25, ó rọrùn kí ọwọ́ ti sọ ọ́ kalẹ̀ sí ibi tí ohun èlò náà kò ní ohùn. Lára ọ̀pọ̀ irú wọn, tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì Octave méjèèjì pọ̀, á padà sí àárín.

BíìtìLókè, ASIO kò kan ọ̀rọ̀ MIDI. Ohùn tó ń jáde ló ń bójú tó, kò mọ̀ bóyá kíbọ́ọ̀dù wà. Ibi tó ti wúlò ni tí kíì bá ń pẹ́ kó tó dún. Nínú F10, Audio, bí buffer (iye ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó tú u jáde) bá wà ní 2048 tí sample rate (iye ìgbà tó ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan) sì jẹ́ 44100, buffer yẹn nìkan ti dá ohùn dúró fún bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 46, ìka á ti kúrò lórí kíì kí etí tó gbọ́. Ẹ yan FL Studio ASIO tàbí ASIO4ALL, ẹ sọ buffer di 256, ó di bíi 6. Bí ohùn bá ń ta pá-pá-pá, láátọ̀ọ̀pù kò lè sáré tó bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e sí 512. Nǹkan bí 12 nìyẹn, ó ṣì ṣeé fara dà.

WáyàÒunIná

Kí n fi ti àwọn tó ń lo kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì kún un. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ Yamaha PSR, ihò USB lè jẹ́ méjì. Onígun mẹ́rin tí wọ́n kọ USB TO HOST sí ni ti kọ̀ǹpútà. Pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ USB TO DEVICE sí, fláàṣì ló wà fún, ẹ má so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Bí kíì kan bá ń dún lẹ́ẹ̀mejì, ti PSR àti ti FL pọ̀, ẹ wá Local (èyí tó ń jẹ́ kí kíì lu ohùn PSR fúnra rẹ̀) nínú Function, ẹ sọ ọ́ di Off. Ẹ rántí dá a padà sí On kó tó di àárọ̀ Sunday, kí kíbọ́ọ̀dù má bàa yadi níwájú ìjọ.

Àwọn tó ti pẹ́ tí kò ní USB, ihò róbótó oníhò 5 ni wọ́n ní. Mẹ́ta ni MIDI ń lò nínú rẹ̀: 4 àti 5 ń gbé ọ̀rọ̀, 2 jẹ́ ààbò. Ẹnu ló ń bá etí sọ̀rọ̀: OUT kíbọ́ọ̀dù ni ẹnu, IN ni etí. Àmọ́ àwọn wáyà USB-MIDI pọ́ọ́kú ń da èèyàn lọ́kàn rú. Òmíràn kọ IN sí orí wáyà tó yẹ kó wọ OUT kíbọ́ọ̀dù, òmíràn kọ orúkọ ihò tó yẹ kó wọ̀. Bí iná ara rẹ̀ kò bá ṣẹ́jú tí ẹ bá tẹ kíì, ẹ pààrọ̀ orí wáyà méjèèjì, kò ní jó nǹkan. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ máa ń já ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nígbà míì tí ẹ bá tẹ kíì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ọ̀rọ̀ "ẹ dákẹ́" tó ń lọ nígbà tí ìka bá kúrò lórí kíì bá já bọ́, ohùn á máa dún lọ láìdúró. Nínú FL, Ctrl àti H á pa á lẹ́nu mọ́.

OnídùùrùTuntun

Ó ti ń dún, 256 sì gbé e. Ẹ ṣé gan-an. Ó ku ẹyọ kan: tí n kò bá fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù fún ìgbà díẹ̀, ó ń parẹ́ nínú FL títí mo fi yọ wáyà tí mo tún un so.

Ìyá Míkísà

Windows ló ń fi iná pamọ́. Ẹ padà sí Device Manager, ẹ ṣí Universal Serial Bus controllers. Ẹ tẹ USB Root Hub lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sí Power Management, ẹ yọ àmì lórí Allow the computer to turn off this device to save power. Bí Root Hub bá ju ọ̀kan lọ, ẹ ṣe gbogbo wọn. Ẹ tún wọ Power Options, Advanced, USB settings, ẹ sọ USB selective suspend di Disabled, ti bátìrì àti ti iná NEPA. Bó bá ṣì ń parẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mi ẹnu wáyà díẹ̀díẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ihò kékeré yẹn máa ń tètè dẹ̀, bí iná bá ṣẹ́jú bí ẹ ṣe ń mì ín, ó ti di iṣẹ́ ẹni tó mọ síódà (fífi òjé yíyọ́ lẹ irin pọ̀).