Mo ra fírémù fọ́tò àlòkù márùn-ún, mo fẹ́ fi wọ́n ṣe bọ́ọ̀dù ìkọ̀wé, ẹ gbà mí o

AdùnníOlóúnjẹ

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Tí wọ́n bá ti béèrè irú ẹ̀ rí níbí ẹ má bínú, mo wá a títí ojú ń ta mí. Ní Sátidé tó kọjá mo ń bọ̀ láti ọjà Bódìjà, mo bá àwọn kan tí wọ́n ń kó kúrò nílé, wọ́n to ẹrù síta wọ́n ń tà á, àga, fáànù, ìkòkò, gbogbo ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí fírémù ńláńlá márùn-ún, àwọn onígi àtijọ́ yẹn, èyí tí àwọn bàbá wa máa ń gbé kọ́ sókè lábẹ́ àjà gan-an nínú pálọ̀, tí wọ́n á jẹ́ kó tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tó ń yọjú wo àlejò. ₦5,000 ni mo kó gbogbo ẹ̀. Méjì ṣì ní gíláàsì tó dáa, ti ìkẹta ti sán, méjì tó kù òfìfo ni.

Ibi kékeré ni mo ti ń ta oúnjẹ, tábìlì mẹ́rin péré. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń bi mí pé "Màdáàmù, kí lẹ ní lónìí?" èmi náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á látorí àmàlà dórí ọ̀fadà, kí n tó kà á tán ẹlòmíì ti dé, màá tún bẹ̀rẹ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ fi ọ̀kan ṣe bọ́ọ̀dù dúdú tí mo lè fi ṣọ́ọ̀kì kọ oúnjẹ ọjọ́ náà sí. Ọ̀kan á wà nínú kíṣìnnì nílé kí àwọn ọmọ lè máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé gáàsì ti ń lọ, kó má jẹ́ pé ìgbà tí ẹ̀wà wà lórí iná ni màá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ọ̀kan mo kàn fẹ́ kó rẹwà, ká lè máa fi píìnì gún bébà mọ́ ọn.

Ọ̀dà wo ni kí n kùn? Mo wo fídíò òyìnbó kan, wọ́n ń pe ọ̀dà kan ní chalkboard paint, mo dé ìsọ̀ ọlọ́dà mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n, ọ̀kan nínú wọn gbé ọ̀dà dúdú kan fún mi tó ń dán yinrin, mo kùn ún sára páálí láti fi dán an wò, ńṣe ni ṣọ́ọ̀kì ń yọ̀ lórí ẹ̀ bí ẹni tẹ ilá.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Fọ́tò ṣì wà nínú ọ̀kan lára àwọn tó ní gíláàsì. Tọkọtaya ni, bàbá jókòó, ìyàwó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ẹni tó tà á ní òun ò mọ̀ wọ́n rárá, inú ilé ni àwọn bá a. Mo fẹ́ yọ ọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ọkàn mi ò sì gbà kí n fà á ya. Kí ni kí n ṣe?

Bọ̀dáOnígi

Màdáàmù Àdùnní ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀dà tó ń dán tí wọ́n tà fún yín yẹn, gúlọ́ọ̀sì ni, ṣọ́ọ̀kì ò lè dúró lórí ẹ̀ láéláé. Ohun tí ṣọ́ọ̀kì ń fẹ́ ni ibi tó ń họ ọwọ́ díẹ̀, bíi sáńpépà tó ti gbó, ibẹ̀ ló ti máa rí nǹkan jẹ ẹ́.

Ẹ má wá ọ̀dà òyìnbó kiri mọ́. Ẹ ra ìmọ́ṣọ̀n dúdú tí kì í dán, ọ̀dà olómi tí wọ́n fi ń kun ògiri. Ẹ bu ife kan, ẹ wọn ṣíbí ìjẹun 2 POP (ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé) sí i, tàbí símẹ́ńtì funfun táwọn onítáìsì fi ń dí àárín táìsì, èyí tí ò ní yanrìn nínú. Ẹ kọ́kọ́ fi omi díẹ̀ po ìyẹ̀fun yẹn kó jọ ẹ̀kọ mímu kó má baà di kókó, kẹ́ ẹ tó dà á sínú ọ̀dà. Ìwọ̀nba tẹ́ ẹ máa lò lójú kan ni kẹ́ ẹ pò o, torí POP ò ní dúró dè yín, tẹ́ ẹ bá lọ gba fóònù tẹ́ ẹ sì padà dé ó ti di òkúta.

Pílíwúùdù tó tinrin ni kẹ́ ẹ kùn ún sí, káfíńtà á gé e bá inú fírémù mu. Ẹ fi rọ́là kékeré kùn ún, búrọ́ọ̀ṣì máa ń fi ìlà sílẹ̀. Àkọ́kọ́ láti ọ̀tún sí òsì, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi sáńpépà 220, èyí tó kúnná, rá a fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ìkejì láti òkè sí ìsàlẹ̀, ìkẹta bákan náà. Ọjọ́ 3 ni kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Tọ́jọ́ bá wá pé, ibi tí gbogbo èèyàn ti ń kánjú nìyí, ẹ má tíì kọ nǹkan kan sí i! Ẹ dá ṣọ́ọ̀kì dùbúlẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kun gbogbo ojú bọ́ọ̀dù títí á fi funfun, ẹ wá fi aṣọ gbígbẹ nù ún kúrò. Tẹ́ ẹ bá fo ibẹ̀, ohun tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ kọ ò ní pa rẹ́ mọ́. Mo ṣe ọ̀kan fún ìyá oníráìsì kan láyé ìgbà kan mo sì gbàgbé ibẹ̀ yẹn, wọ́n kọ ráìsì ₦300 sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, owó ọjà gòkè wọ́n nù ún kúrò, òjìji ₦300 ò lọ, gbogbo oníbàárà ló ń na ọwọ́ sí i pé iye tó wà lára ògiri làwọn máa san.

Kí n má gbàgbé, ẹ yẹ ẹ̀yìn fírémù yẹn wò. Tó bá ní ihò wẹ́wẹ́, ẹ gbá a mọ́lẹ̀ díẹ̀, tí ìyẹ̀fun bá ń jáde, kòkòrò ṣì ń jẹ ẹ́ nìyẹn, ẹ má gbé e wọlé kẹ́ ẹ tó fi oògùn sí i. Tó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti kun ara igi yẹn láyé àtijọ́, ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ họ ọ́, òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà ìgbà yẹn. Ẹ fi omi rẹ ẹ́, ẹ bo imú, ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà.

ÌyáPeckham

Bọ̀dá ti sọ ti bọ́ọ̀dù dúdú, èmi ti gíláàsì ni mo bá wá. Àdùnní, àwọn tó ní gíláàsì yẹn má kun nǹkan kan sí wọn jàre. Ìwọ ṣáà fi bébà tàbí aṣọ sí ẹ̀yìn gíláàsì, dé e padà, màákà tí wọ́n fi ń kọ bọ́ọ̀dù funfun ni kó o fi kọ ọ́ sórí ẹ̀, tíṣù lásán ló máa nù ún. Níbí tí mo wà ní London, mo máa ń rí fírémù ní ṣárítì ṣọ́ọ̀bù, ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta àlòkù fún iṣẹ́ àánú, ní pọ́n-ùn méjì mẹ́ta, àwòrán òdòdó tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ló máa ń wà nínú ẹ̀, fírémù fúnra ẹ̀ sì le bí ọta. Ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà mi báyìí, ohun tó wà lára ẹ̀ ni KỌ́KỌ́RỌ́, BÁÀGÌ, ÌWÉ LYLA, torí òní ọ̀kan ọ̀la òmíì ni ti àwọn ọmọ ní àárọ̀.

Aṣọ tó o máa fi sẹ́yìn, kó má ní àwòrán púpọ̀. Mo kọ́kọ́ fi ankara olóníná ṣe tèmi, ó rẹwà o, àmọ́ èèyàn ò lè ka nǹkan tí mo kọ. Tí ọmọ bá sì lọ fi màákà tí kì í pa rẹ́ kọ ọ́, má bínú sí i, fi màákà bọ́ọ̀dù tọ orí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kó o nù ún kó tó gbẹ, á bá a lọ. Èyí tó sán yẹn, fi nìúspépà wé e kó o dà á nù, gíláàsì ò mọ olówó ẹ̀.

AládìrẹÌtòkú

Àǹtí Àdùnní, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Gbogbo yín ń kùn, ẹ ń kọ, ṣé àdìrẹ ò wá já mọ́ nǹkan kan ni? 😂 Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ kó rẹwà yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún mi.

Wọ́n ń fi kọ́ọ̀kì, èèpo igi rírọ̀ tí wọ́n fi ń dí ìgò wáìnì, ṣe é lókè òkun, àmọ́ ó wọ́n níbí. Páálí Indomie ni èmi ń lò. Ẹ gé e lọ́nà mẹ́ta bá inú fírémù mu, ẹ jẹ́ kí ìlà inú ti àkọ́kọ́ dùbúlẹ̀, kí ti ìkejì dúró, kí ti ìkẹta tún dùbúlẹ̀, ẹ wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí nǹkan wúwo dúró lé e mọ́jú. Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe ní tẹ̀ kọrọdọ. Tẹ́ ẹ bá tẹ́ fóòmù tinrin sórí ẹ̀, píìnì á máa wọlé wọ́ọ́rọ́.

Tó bá jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́lùú gidi, ẹ kọ́kọ́ fi omi tútù ṣàn án títí omi ẹ̀ á fi mọ́, torí aró máa ń yọ, tí ò bá tíì yọ tán bébà yín á di búlúù. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Ẹ gé e kó fi ínǹṣì 2 tóbi ju páálí yẹn lọ yí ká. Ibi tí mo ti ń rí àṣìṣe jù nìyí: wọn á bẹ̀rẹ̀ látorí igun, aṣọ á sì wọ́. Àárín ẹ̀gbẹ́ kan lẹ máa kọ́kọ́ fà, ẹ kàn án mọ́ ẹ̀yìn, ẹ bọ́ sí àárín ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ ọ́, lẹ́yìn náà méjì tó kù, igun ló máa kẹ́yìn. Gọ́ọ̀mù ò gbọdọ̀ kan ojú aṣọ o, ẹ̀yìn nìkan.

BàbáTísà

Àdùnní ọmọ mi, mo ti kà á látòkè. Bọ́ọ̀dù dúdú yìí mú mi rántí nǹkan. Nígbà tá a wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀ la máa ń kun bọ́ọ̀dù, a ó gún èédú, a ó fọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti kú, a ó da dúdú inú ẹ̀ mọ́ ọn, a ó wá fi ewé tútù rá a mọ́ pákó. Ọwọ́ wa á dúdú di ọjọ́ Ajé. Tí ẹnikẹ́ni bá gbà ọ́ níyànjú bátìrì yẹn, má gbà, mángánísì ló wà níbẹ̀, kò yẹ níbi oúnjẹ.

Fọ́tò yẹn ló jẹ mí lógún jù. Má fà á. Kọ́kọ́ gbé e bọ́ sí ibòòji, fi fóònù yà á látorí gíláàsì, má tan fíláàṣì. Lẹ́yìn náà ṣí páálí ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́jẹ́ kó o wo ẹ̀yìn fọ́tò. Àwọn onífọ́tò àtijọ́ máa ń lu òǹtẹ̀ ìsọ̀ wọn síbẹ̀, àwọn mìíràn á kọ ọdún. Àwọn kan á ní kó o rì í sínú omi tútù kó lè tú, òótọ́ ni pé bébà fọ́tò àtijọ́ máa ń tú nígbà míì, àmọ́ tó bá bàjẹ́ kò ní àtúnṣe. Èmi ní tèmi, tọ̀ún tọ̀ún gíláàsì ẹ̀ ni kó o fi í sílẹ̀. Fírémù mẹ́rin ṣì kù fún ọ.

AdùnníOlóúnjẹ

Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àbúrò. Bọ̀dáOnígi, mo ṣe é bẹ́ ẹ ṣe wí, POP àkọ́kọ́ di òkúta mọ́ mi lọ́wọ́ lóòótọ́ (kì í ṣe fóònù, ẹni tó wá ra ẹ̀kọ ni). Ìkejì ló jọ. Ti gíláàsì wà ní kíṣìnnì, ohun tí àwọn ọmọ kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ ni "MỌ́MÌ Ẹ RA BÍSÍKÍÌTÌ". AládìrẹÌtòkú, mo ń bọ̀ ní tìẹ, fi yáàdì kan pamọ́ fún mi.

BàbáTísà, mo ṣí ẹ̀yìn ẹ̀. Òǹtẹ̀ wà níbẹ̀, ó ti ṣí, mo kàn lè ka "Ìbàdàn" àti 1971 tí wọ́n fi báírò kọ. Mo padà sí àdúgbò yẹn, ilé ti wà ní títì, aládùúgbò ní òun ò pẹ́ débẹ̀. Mo bá gbé wọn kọ́ sí ìsọ̀ mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù dúdú, mo sì jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀.

Láàárọ̀ yìí bàbá kan wọlé, ó dúró níwájú ògiri yẹn ó pẹ́, ó ní "Ìyá yín àti bàbá yín nìyẹn?" Mo ní rárá o, mo rà wọ́n ni. Ó wò mí, ó tún wò wọ́n, ó fa àga ó jókòó. Ó ní, "Màdáàmù, kí lẹ wá ní lónìí?"