Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni kí ara Bucky ṣe yá?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mò ń kọ ìtàn tèmi lórí Bucky Barnes, ọ̀rẹ́ Captain America nínú fíìmù Marvel, ẹni tí Hydra, ẹgbẹ́ ọ̀tá wọn, pa ìrántí rẹ̀ rẹ́, tí wọ́n sọ di apànìyàn. Nínú ọ̀pọ̀ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tí mo kà, Steve, ìyẹn Captain America, á kàn gbá a mọ́ra lálẹ́ ọjọ́ kan, àlá burúkú parí nìyẹn. Irọ́ ni, lójú tèmi. Bọ̀ọ̀dá ìyá mi tó ti ogun dé, ògiri ló ṣì máa ń fẹ̀yìn tì jẹun; bí ìlẹ̀kùn bá dún gbàgà, ṣíbí á bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ti fi ṣíbí yẹn sínú orí kẹta.

Mo ti dé orí kẹsàn-án báyìí, àwọn òǹkàwé ní ìyà ọ̀hún pọ̀ jù. Ṣé kí n fo ọdún kan ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́jú irú èèyàn bẹ́ẹ̀ rí, kí lẹ kọ́kọ́ rí tó yí padà lára wọn?