Ta ló sáré lásìkò ọlidé yìí? Ẹ wá sọ tiyín

Kóòṣì_Ìpakodò
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn ọmọ ti wọlé padà, ariwo ọlidé ti rọlẹ̀, ẹsẹ̀ tèmi náà ti ń sinmi. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìrírí yín. Eré wo lẹ sá, ibo lẹ gbafẹ́ lọ, ta lẹ bá lọ?

Kí n fi tèmi ṣíde. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé mo máa ń kó èèyàn jáde ní ìdájí láti Ìpakodò gba ọ̀nà Ìgbógbó, ní Ìkòròdú níbí. Nọ́ọ̀sì kan wà nínú wa, mẹkáníìkì kan, àti bàbá tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá. Máràtọ́ọ̀nù Èkó tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2016 ni gbogbo ayé mọ̀, oṣù Kejì sì ni wọ́n ń sá a, nígbà tí oòrùn ń dá sẹ̀ríà fún èèyàn. Èmi ò kọ ìyẹn, àmọ́ oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ ni tèmi. Ara ilẹ̀ a tutù, òjò náà a sì dáwọ́ dúró fúngbà díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ. Ìgbà yẹn la máa ń lọ sáwọn eré kìlómítà márùn-ún àti mẹ́wàá tí ìjọ àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ bá gbé kalẹ̀.

Lọ́dún yìí mo ṣe òfin kan: ẹni tó bá kẹ́yìn nínú wa ló máa yan ibi tí a máa lọ lẹ́yìn eré. Mi ò fẹ́ kí ojú máa ti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yá. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ kẹ́yìn, ó sì kó wa lọ sí Àgbádárìgì. A ò tíì nu òógùn tán tó fi tò wá síwájú ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ó ń kọ́ wa bí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gberefu, ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrú lọ láyé àtijọ́, a tún fẹsẹ̀ rin ọ̀nà oníyanrìn yẹn dé etí òkun. Àwọn tó ti sá kìlómítà mẹ́wàá láàárọ̀ o! Mẹkáníìkì wa bá ní kí wọ́n kúkú fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí òun lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọkọ̀ fi gbé wa padà.

Eré tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì tó máa ń fi gbogbo wa sẹ́yìn ló kẹ́yìn. Ó ní Ẹ̀pẹ́ là ń lọ, ẹja lòun fẹ́ jẹ.

Ẹlẹ́sẹ̀_Ọ̀pọ̀lọ́
Nọ́ọ̀sì yẹn gbọ́n 😂😂

Ọmọ_Báyékù
Kóòṣì, ẹ má bínú, òfin yẹn ò dáa. Ẹ ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń fà sẹ́yìn. Ẹni tó bá ṣíwájú ló yẹ kó yan ibi tó wù ú.

Àdùkẹ́_Agric
@Ọmọ_Báyékù ẹni tó ṣíwájú ti gba mẹ́dàlì sọ́rùn. Ṣé kó tún gba ẹja ni?

Ẹ gbọ́ tèmi. Èmi kì í dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kankan, èmi nìkan ni mò ń sá tèmi láti Agric lọ sí apá Ògòlòntò kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ní kí n fi kún eré, bẹ́ẹ̀ ni mo já sí bọ́sítọ́ọ̀pù kan tí èrò ti ń dúró de ọkọ̀. Ìyá alákàrà rí mi. Kò béèrè nǹkan kan. Ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, ó já lu ọ̀nà. Àwọn tó fẹ́ ra àkàrà tẹ̀ lé e. Kọ́ńdọ́ bẹ́ sílẹ̀, òun náà gbára dà. Mo wẹ̀yìn wò, mo rí ogunlọ́gọ̀ èèyàn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ni èmi náà bá wá sáré gidi, torí mi ò mọ ohun tó ń lé wọn. Ibi tí èémí ti tán la dúró sí. Bàbá kan di apá mi mú, ó ní "Ọmọ mi, kí ló ń bọ̀?" Mo ní "Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi, sà."

Ìyá_Ìbejì_Ògòlòntò
Mo kú o!!! Àkàrà tó wà nínú epo ńkọ́?

Àdùkẹ́_Agric
Ó ti di èédú. Èmi ni mo sanwó rẹ̀, èyí tó jóná àtèyí tí kò jóná. Ìyá yẹn ò rẹ́rìn-ín rárá.

Ẹlẹ́sẹ̀_Ọ̀pọ̀lọ́
Irọ́ ti wọ̀ ọ́. Kọ́ńdọ́ Ìkòròdú wo ló máa sá fi owó ọkọ̀ sílẹ̀?

Àdùkẹ́_Agric
Ta ló sọ fún ẹ pé ó fi sílẹ̀? Ó di owó náà mọ́wọ́ sá ni.

Ọmọ_Báyékù
Ní Nàìjíríà yìí, tí o bá rí ẹni tó ń sáré, kọ́kọ́ sá ná. Ìbéèrè ń bọ̀ lẹ́yìn.

Wòlíì_Ìjẹdé
Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé lè máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó wà ní Ìkòròdú ní 2017 mọ ohun tó ń lé ìyá alákàrà. Nígbà ẹgbẹ́ apààyàn Badoo, tí wọ́n ń wọlé tọ odidi ìdílé lójú oorun, ta ló jẹ́ jáde sáré ní ìdájí? Iná táyà ló ń jó ní oríta, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ń fi àdá àti igi ṣọ́ òru mọ́jú. Tí wọn ò bá mọ̀ ẹ́ ládùúgbò, o gbé. Wọ́n lu ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ pa, wọ́n dáná sun wọ́n, gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ràn eré sísá bí nǹkan míì, kò sì gbọ́ ìkìlọ̀. Wọ́n dá a dúró lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kó kúnlẹ̀, kó sọ ilé tó ti ń bọ̀. Ohùn ò jáde lẹ́nu rẹ̀, torí eré tó ti sá. Wọ́n wá ní ọ̀daràn tí kò lè ṣàlàyé ara rẹ̀ ni. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó ń gé irun rẹ̀ tó wà láàárín wọn, ìyẹn ló ní "Ẹ fi í sílẹ̀, mo mọ orí yìí." Láti ìgbà náà, tí ẹ̀gbọ́n mi bá fẹ́ sáré, ó ń wá nọ́ńbà eré àtijọ́ kan lẹ̀ mọ́ àyà. Eré ò sí níbì kankan o. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n máa rò pé àwọn yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn ni.

Ìyá_Ìbejì_Ògòlòntò
"Mo mọ orí yìí." Olúwa ṣeun.

Ẹlẹ́sẹ̀_Ọ̀pọ̀lọ́
Èmi náà máa ń lẹ nọ́ńbà mọ́ àyà! Mo rò pé èmi nìkan ni.

Kóòṣì_Ìpakodò
Ìdí tí gbogbo wa fi ń wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn nìyẹn, kì í ṣe ṣekárími. Àti pé tí a bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ, a kì í sá kọjá. A ó rìn, a ó kí wọn, "Ẹ kú iṣẹ́ alẹ́ o," kí wọ́n rí ojú wa.

Nọ́ọ̀sì_Inú_Ìtàn
Wọ́n fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí mi ni mo ṣe yọjú. Kóòṣì, ẹ ò ṣe mí dáadáa. Ẹ ò sọ ìdí tí mo fi kẹ́yìn.

Ọmọkùnrin kan ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, òòyì ń kọ́ ọ. Kò sí nínú ẹgbẹ́ wa. Píọ́ wọ́tà ló ń fà mu léra léra, àwọn tó ń wò ó sì ń sọ pé kó máa mu sí i. Òógùn kì í ṣe omi lásán, iyọ̀ ara wà nínú rẹ̀. Tí èèyàn bá làágùn fún wákàtí púpọ̀, tó wá ń da omi pọ́ńbélé nìkan sínú, ìwọ̀nba iyọ̀ tó kù lára rẹ̀ ló ń là. Mo ya ọ̀dọ̀ ìyá olóúnjẹ kan. Omi lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì. Ẹ gé orí ṣíbí náà dọ́gba o, ẹ má rọ́ ọ gègèrè. Ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀, mo dúró tì í títí ojú rẹ̀ fi wálẹ̀. Nígbà tí mo fi dé, wọ́n ti ń ká ìbòrí.

Ẹlẹ́sẹ̀_Ọ̀pọ̀lọ́
Ìtàn dùn. Ẹja náà sì dùn.

Nọ́ọ̀sì_Inú_Ìtàn
Ẹja dùn, mi ò sẹ́.

Àdùkẹ́_Agric
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ti kọ ti ṣíbí yẹn sílẹ̀.

Jagun_Ẹ̀pẹ́
Ẹ dúró ná. Ṣé ẹ̀yin lẹ wọ ọjà Olúwo pẹ̀lú aṣọ ọsàn, mẹ́dàlì ń dún gbọngbọn lọ́rùn yín? Mo gbọ́ iye tí ẹ ra àrọ̀ yẹn, àánú yín ṣe mí. Ẹni tó bá fi mẹ́dàlì sọ́rùn wọ Olúwo, kò ní sanwó àlejò nìkan, á san tàwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ mọ́ ọn.

Kóòṣì_Ìpakodò
Nọ́ọ̀sì ló ná ọjà, Ìjẹ̀bú ni, mo rò pé a ti bọ́.

Jagun_Ẹ̀pẹ́
Ìjẹ̀bú tó ti wọ aṣọ ọsàn? Àárọ̀ kùtùkùtù lẹ ìbá ti dé, ìgbà tí ọkọ̀ apẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gúnlẹ̀, ẹ ìbá sì mú ọmọ ìlú dání.

Ọmọ_Báyékù
Ṣé ẹ dúró wo ọdún Káyọ̀káyọ̀? Mo gbọ́ pé gbogbo Ẹ̀pẹ́ ló ń ṣe é.

Jagun_Ẹ̀pẹ́
Gbogbo Ẹ̀pẹ́ kọ́. Èkó Ẹ̀pẹ́ ló ni ín, àwa tí bàbá wa bá Ọba Kòsọ́kọ́ wá nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó ní 1851. Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ní tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ má da wá pọ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀_Ọ̀pọ̀lọ́
Èkó sí Ẹ̀pẹ́? Kòsọ́kọ́ ló kọ́kọ́ sá máràtọ́ọ̀nù nìyẹn 🏃🏾

Jagun_Ẹ̀pẹ́
Ṣọ́ra o. Orí ọ̀sà ni kábíyèsí gbà, kò sá eré kankan. Ó sì padà sí Èkó ní 1862.

Ẹlẹ́sẹ̀_Ọ̀pọ̀lọ́
Àlọ àti àbọ̀! Ẹ fún un ní mẹ́dàlì méjì.

Ìyá_Ìbejì_Ògòlòntò
Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun kan tó ń dùn mí. A forúkọ sílẹ̀ fún eré kan ládùúgbò, èmi àti àwọn obìnrin ìjọ wa. A sanwó, wọ́n fún wa láṣọ. Ó ku díẹ̀, wọ́n kéde pé ọjọ́ yẹn ni Orò. Àwọn ọkùnrin sá eré wọn tán. Àwa wà nínú ilé, a wọ aṣọ eré, à ń gbọ́ ìró Orò. Ta ni kí n bi léèrè owó mi?

Wòlíì_Ìjẹdé
Mi ò kì í bá wọn ṣe é, ẹ mọ iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n Orò ti wà kí eré tó dé. Wọ́n máa ń kéde ọjọ́ ọ̀hún ṣáájú.

Àdùkẹ́_Agric
Gbogbo ibi ni wọ́n ti ń wá ìdí tí obìnrin ò fi ní sáré. Àwọn òyìnbó gan-an, 1984 ni wọ́n tó jẹ́ kí obìnrin sá máràtọ́ọ̀nù ní Òlíńpíìkì, wọ́n ní ara wa ò lè gbà á. Wàyí o, ta ló ni eré sísá-fo-igi ọgọ́rùn-ún mítà tó yá jù láyé? Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde nítòsí ibí yìí, ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní 2022. Obìnrin ni o.

Wòlíì_Ìjẹdé
Ìyẹn ò kan Orò.

Àdùkẹ́_Agric
Ó kàn án.

Kóòṣì_Ìpakodò
Ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó ṣètò eré ni mo dá lẹ́bi. Kí èèyàn tó mú ọjọ́ ní Ìkòròdú, ó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè láàfin. Ìyá Ìbejì, owó yín yẹ kó padà sọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ Orò fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi mọ síbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Ògòlòntò
Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà. Aṣọ náà ni mo fi ń fọ ilé báyìí.

Tísà_Àgbà
Mo kí gbogbo yín. Èmi ni Ọ̀gá tí wọ́n ń sọ lókè. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

Lákọ̀ọ́kọ́, ilé alájà yẹn, 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, 1845 ni wọ́n parí rẹ̀. Mo sọ ọ́ níbẹ̀, kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìkejì, ọ̀nà Gberefu kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ṣàwàdà. Ọ̀nà tí wọ́n kó ọmọ èèyàn gbà lọ tí wọn ò padà wálé mọ́ ni. Kànga tí wọ́n ní wọ́n ń fún wọn mu nínú rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé ṣì wà lójú ọ̀nà, a jọ dúró tì í. Mo ti dárí ji ọmọ yẹn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó mọ̀.

Ìkẹta ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó. Mi ò kẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Mo fi ojú mi rí mẹkáníìkì lẹ́yìn mi. Nígbà tó tún ṣe díẹ̀, mo rí i níwájú mi, ó wà nínú kọ̀rọ̀pẹ̀, ó gbé orí sílẹ̀ kí n má bàa rí i.

Ẹlẹ́sẹ̀_Ọ̀pọ̀lọ́
AH

Ọmọ_Báyékù
Mo sọ bẹ́ẹ̀! Òfin yẹn ti ba gbogbo nǹkan jẹ́.

Àdùkẹ́_Agric
Ọ̀gá, ẹ mà ní sùúrù o. Ẹ gbé e sínú láti ìgbà yẹn?

Tísà_Àgbà
Mo ti fẹ́ lọ sí Àgbádárìgì tẹ́lẹ̀.

Mẹkáníìkì_Kóòṣì
Ẹ kú àsìkò o, gbogbo ilé. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Oníbàárà mi ló ni kọ̀rọ̀pẹ̀ yẹn. Ó rí mi lójú ọ̀nà, ó ní ẹ́ńjìnì ń dún lódìlódì, kí n wá bá òun gbọ́ ọ. Ẹ́ńjìnì kì í sọ tinú ẹ̀ lórí ìdúró, àfi kí mọ́tò máa lọ. Mi ò gbé orí sílẹ̀ torí yín, gíá ni mò ń tẹ́tí sí.

Nọ́ọ̀sì_Inú_Ìtàn
Gíá! 😭

Kóòṣì_Ìpakodò
Ibo lo ti sọ̀ kalẹ̀?

Mẹkáníìkì_Kóòṣì
Kóòṣì, ẹ jẹ́ kí n pè yín lórí fóònù.