Ìtàn Ìṣọ̀lá mú mi, àròfọ̀ rẹ̀ ò wọ̀ mí lára: kí ni kí n sọ lójú bàbá tó yá mi níwèé?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Kubwa, l'Ábújá, ni mò ń gbé. Àwa ọmọ Yorùbá kan níbí máa ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé láti jíròrò ìwé tá a bá kà. Bàbá kan nínú wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba yá mi ní ìwé méjì tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ: Ó Le Kú, ìtàn àròsọ tó jáde ní 1974, àti Àfàìmọ̀, àkójọ àròfọ̀. Èmi ni mo máa sọ̀rọ̀ lé méjèèjì lórí nípàdé tó ń bọ̀.

Ó Le Kú ò jẹ́ kí n sùn. Àjàní bí mi nínú! Ọmọ yunifásítì tó ti fẹ́ẹ̀ jáde, tí ìyá rẹ̀ ń dà láàmú pé kó mú ìyàwó wálé, ló bá há sáàárín Aṣákẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Mò ń pariwo lórí ìjókòó pé "Àjàní, mú ọ̀kan!" títí ọkọ mi fi béèrè pé ta ni mò ń bá wí. Àánú Aṣákẹ́ ṣe mí gan-an. Ìyá Àjàní ńkọ́? Mi ò lè kórìíra rẹ̀, torí irú ìyá bẹ́ẹ̀ kún àdúgbò wa. Bí wọ́n sì ṣe ń tàkurọ̀sọ nínú ìwé yẹn, àfi bíi pé wọ́n wà ní yàrá kejì.

Mo wá gbé Àfàìmọ̀. Ọwọ́ kan náà ló kọ ọ́. Mo kà á nínú ọkọ̀ tí mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Wuse, mo tún un kà, kò mì mí. Yorùbá rẹ̀ dùn, mo rí ọgbọ́n níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò sún rárá. Bàbá yìí sì fẹ́ràn ìwé náà bí ojú, ó ti ní òun ń retí ohun tí màá sọ. Ṣé kí n sọ òótọ́ níwájú gbogbo èèyàn? Àbí kí n fi àròfọ̀ sílẹ̀, kí n sọ ti ìtàn nìkan?

Bàbá Tíṣà, Kàdúná: Ọmọ mi, ẹnu ni kó o fi kà á. Wọ yàrá, ti ilẹ̀kùn, kà á sókè. Wo òwe tá a jọ mọ̀ yìí: "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè." Tó o bá fi ojú kà á, ìmọ̀ràn lásán lo máa rí. Tó o bá pè é síta, wàá gbọ́ bí pẹpẹ ṣe dúró lórí ohùn àárín, tí kèrègbè sì wọlẹ̀ lọ pátápátá sí ohùn ìsàlẹ̀. Apá kejì ń dá apá kìíní lóhùn. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ làwọn akéwì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ wá. Nínú ọkọ̀ tí kọ̀ndọ́ ń pariwo "Berger! Wuse!", báwo lo ṣe fẹ́ gbọ́ ọ? Ṣebí orí rédíò la ti mọ akéwì Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀, tí wọ́n ń pè ní Odídẹrẹ́ Ayékòótọ́. Lánrewájú Adépọ̀jù tó papò dà ní 2023 ńkọ́? Rédíò àti àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ló gbé ewì tiẹ̀ wọlé wa.

Ọmọ Ìlọrin ní Kánò: Òótọ́ ni Bàbá sọ. Aládùúgbò mi tó jẹ́ Hausa kì í ka ewì bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Ohùn orin ló máa ń fi kà á, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì máa gbè é. Ó ti pẹ́ nílẹ̀ Hausa. Nana Asma'u, ọmọ Shehu Usman dan Fodio, tó gbé ayé láti 1793 sí 1864, kọ ewì ní Fulfulde, Hausa àti Lárúbáwá. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní 'Yan Taru á kọ́ ọ sórí, wọ́n á sì gbé e lọ kọ́ àwọn obìnrin abúlé.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo fẹ́ fi kún un. Àwọn ewì kan wà tí ìwàásù ti pọ̀ jù nínú wọn, "má jalè, bọ̀wọ̀ fágbà" láti òkè délẹ̀. Kò sí ohùn tó lè gbà wọ́n là. Mi ò ní Àfàìmọ̀ wà lára wọn o, mo fẹ́ràn rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kà á sókè tí kò sì mú yín, ẹ má gbà pé ẹ̀yin lẹ ò mọ̀wé kà.

Ìyá Ìbejì, Nyanya: Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ló jẹ mí lógún. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ àárín èrò ló ti máa gbọ́ ọ. Ẹ lọ kí i nílé kí Sátidé tó pé. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù fún mi." Inú àgbà tó fẹ́ràn ìwé á dùn sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ tinú yín fún un. Ẹ má sì yìn ín lẹ́tàn nípàdé, torí ó máa bi yín pé ìlà wo ló wù yín.

Àbúrò yín ní Gwarinpa: Ẹ̀gbọ́n, òdìkejì yín ni mí. Jos ni mo dàgbà sí, ìwé Yorùbá gígùn máa ń rẹ̀ mí, torí náà ewì ni mo kọ́kọ́ lè kà parí. Màá pe màmá mi lórí fóònù, màá kà á fún wọn, wọ́n á máa tún ohùn mi ṣe. Ibẹ̀ ló ti wọ̀ mí lára. Ọ̀rọ̀ Àjàní, ẹ ṣàánú rẹ̀ díẹ̀ o. Ìyá ń tì í, ìdánwò ìparí ń bọ̀, ọmọdé ṣì ni.

Ìyá tó béèrè, Kubwa: Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ka ọ̀kan sókè ní kíṣìnì lálẹ́ àná, mo sì gbọ́ nǹkan tí mi ò gbọ́ nínú ọkọ̀. Kò tíì tó ti Ó Le Kú, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Màá lọ kí Bàbá lọ́jọ́ Alámìísì. Àbúrò mi, mi ò gbà lórí Àjàní: ọmọ tó mọ bá a ṣe ń fọ̀rọ̀ tu obìnrin lójú kúrò lọ́mọdé.

Bàbá Tíṣà, Kàdúná: Tó o bá débẹ̀, béèrè ìwé Adébáyọ̀ Fálétí lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú. Ìtàn ló máa ń sọ nínú púpọ̀ nínú àròfọ̀ rẹ̀, ẹni tí ìtàn ń mú bíi tìrẹ á tètè rí ẹsẹ̀ gbé níbẹ̀.