Bàtá àti píánò nínú Jazz Batá 2: kí ni etí mi ò gbọ́?

Onípíánò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń gbọ́ àwo kan ṣoṣo, Jazz Batá 2, tí Chucho Valdés ọmọ Kúbà gbé jáde ní 2018. Èèyàn mẹ́rin péré ni ẹgbẹ́ náà: Chucho fúnra rẹ̀ nídìí píánò, Yelsy Heredia nídìí béèsì, Dreiser Durruthy Bombalé tó ń lu bàtá tó sì ń kọrin, àti Yaroldy Abreu Robles tó ń lu kọ́ńgà àtàwọn ìlù yòókù.

Orin àkọ́kọ́ ń jẹ́ Obatalá. Ọmọ Yorùbá ni mí. Bí mo ṣe rí orúkọ yẹn báyìí, mo na etí sílẹ̀ kí n lè gbọ́ ohun tí ìlù ń wí, mi ò sì gbọ́ gbólóhùn kan. Ó ń sọ̀rọ̀, ó dá mi lójú, ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà téèyàn dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú yàrá. Ó dùn mí.

Ìkejì, mo fẹ́ máa tẹ píánò tẹ̀lé e. Ọwọ́ ọ̀tún ń lọ, àmọ́ tí mo bá ti mú ọwọ́ òsì wọlé, mo ti sọ ìbẹ̀rẹ̀ ìlù nù. Níbo gan-an ni oókan, ìyẹn ìlù àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin tá a máa ń kà, wà nínú orin wọ̀nyí? Àbí àwo àkọ́kọ́, ti 1972, ló yẹ kí n ti kọ́ gbọ́?

Ọmọ Àyàn:
Ẹ má dá etí yín lẹ́bi. Inú bàtá ni wọ́n bí mi sí, ó sì pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ti Kúbà. Ìlù mẹ́ta ni tiwọn: iyá, itótele, okónkolo. Ojú ńlá ìlù ni wọ́n ń pè ní enú, ìyẹn ẹnu. Ojú kékeré ni chachá, ṣáṣá tiwa nìyẹn. Wọ́n ṣì ń fi ìda sí ojú ńlá iyá kí ohùn rẹ̀ lè wúwo, ìda náà ni wọ́n sì ń pè é títí dòní.

Ibi tá a ti pínyà ni bílálà. Awọ la fi ń na ṣáṣá tiwa, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ta létí. Àwọn gbé ìlù dùbúlẹ̀ sórí itan, àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń lu ojú méjèèjì, ohùn rẹ̀ á sì rọ̀. Ẹni tó ń retí ariwo ṣáṣá kò ní tètè mọ̀ pé bàtá ló ń dún.

Ní ti ọ̀rọ̀, oko ìrèké ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa lọ, ìgbà tó sì di 1886 ni wọ́n tó fòpin sí oko ẹrú ní Kúbà. Èdè Sípéènì tí wọ́n ń sọ lójoojúmọ́ kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Inú orin òrìṣà ni Yorùbá wọn sá sí, Lukumí ni wọ́n ń pè é. Nítorí náà, ẹ má wá gbólóhùn. Ẹ wá ìpè àti ìdáhùn. Iyá á pè, itótele á dá a lóhùn, okónkolo á dúró sójú kan bí òpó ilé. Òrìṣà kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìlù tirẹ̀. Ọjọ́ tí èyí yé mi, omi bọ́ lójú mi.

Àdùkẹ́:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti ìlù, ẹ jẹ́ kí n sọ ti píánò, torí ibẹ̀ ni ọkàn mi wà. Ẹ kọ́kọ́ pa píánò dé. Ẹ máa pàtẹ́wọ́ clave nìkan, ìyẹn ìlù tí gbogbo orin Kúbà irú èyí ń tẹ̀ lé: mẹ́ta, kí méjì tẹ̀ lé e. Kó... kó... kó, kó-kó. Ìbátan kónkóló tí agogo wa ń lù ni. Kó mọ́ yín lára débi tẹ́ ẹ ó lè máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ tí ọwọ́ yín ò ní dúró.

Ìṣòro yín, béèsì ni. Béèsì Kúbà kì í sábà dúró de oókan. Ó ti dún lórí ẹẹ́rin, á wá fa ohùn yẹn kọjá lórí oókan láìtún un tẹ̀. Ẹ̀yin ń dúró dè é, òun ti dé ṣáájú yín.

Ẹ má sì fi orin Ochún inú àwo náà ṣeré o. Regina Carter, àlejò wọn, ló ta fayolíìnì níbẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, torí ní Kúbà wọ́n máa ń ta fayolíìnì fún Ọ̀ṣun gan-an. Orin 100 Años de Bebo ní tirẹ̀, Bebo Valdés bàbá Chucho ló fi rántí. 1918 ni wọ́n bí i. Òun náà ló kó bàtá wọ inú ẹgbẹ́ olórin ńlá ní 1952, tó pe àrà ìlù tó ti ibẹ̀ jáde ní batanga. Ọwọ́ bàbá lọmọ ti gbà á.

Alawo:
Ti 1972 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́, ní tèmi. Èèyàn mẹ́ta ni: Chucho, Carlos del Puerto nídìí béèsì, Oscar Valdés nídìí ìlù. Kò sí onídírọ́ọ̀mù láàárín wọn, ìyẹn lẹ ó fi gbọ́ ohun tí bàtá ń ṣe ketekete. Ní 1973, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ olórin Irakere sílẹ̀. Ti 2018 ni mo fẹ́ràn jù, àmọ́ ti 1972 ló ṣí etí mi.

Onípíánò:
Ẹ ṣeun gan-an. Àbúrò mi Àdùkẹ́, ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fọwọ́ kan píánò, clave ni mo ń pa mọ́ itan kiri. Béèsì ti yé mi.

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Àyàn, lálẹ́ àná mo tún gbé Obatalá sí i. Iyá pè. Mo dá orin dúró lójú ẹsẹ̀, mo fi ìka kan tábìlì níbi tí mo rò pé ìdáhùn máa bọ́ sí. Mo dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, mo jẹ́ kó máa lọ. Ibẹ̀ gan-an ló bọ́ sí.