Omi ti gbalé, onílé tún ń béèrè owó, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Dárà: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sọ́rọ̀ yìí. Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú là ń gbé, yàrá ìsàlẹ̀. Omi wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti dé orúnkún, ọkọ̀ ojú omi la fi ń jáde sí títì, àwọn ọmọ ò lọ síléèwé, ìrẹsì tí mo fẹ́ tà ti wú nínú àpò ó ti ń rùn, ọkọ mi wà lókè ọya, ìyá ẹ̀ tẹ́sẹ̀ ń dùn sì wà lọ́dọ̀ mi. Àná ni onílé pè pé kí n san owó ọdún méjì kóṣù tó parí àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n kó jáde. Gbogbo ẹ̀ tojú sú mi, orí bẹ́ẹ̀dì tá a fi búlọ́ọ̀kù gbé sókè ni mo jókòó sí tí mò ń sunkún. Ṣé kí n san án ni àbí kí n kó?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún yín lókun. Ṣé ẹ ti pa iná? Tó bá jẹ́ pé inú omi lẹ máa dúró sí kẹ́ ẹ tó pa á, ẹ má fọwọ́ kàn án o, ẹ pe oníná.

Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá: Ẹ má tíì sanwó kankan. Òfin ilé gbígbé ti Èkó, ti 2011, ò gbà kí onílé béèrè ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ti ń gbénú ilé tó ń san lọ́dọọdún, bí ìwé àdéhùn yín ò bá sì sọ nǹkan míì, nótíìsì oṣù mẹ́fà ló gbọ́dọ̀ fún yín. Ẹ lọ sí Citizens Mediation Centre, ọ́fíìsì ìjọba Èkó tó ń bá èèyàn parí aáwọ̀, wọn kì í gbowó.

Bọ̀dá Ìṣẹri: Ní tèmi ẹ kó ni o. Odò Ògùn nìyẹn, tí wọ́n bá ti ń ṣí omi dáàmù Ọ̀yán ní September sí October, apá ọ̀dọ̀ yín ló ń gbà, òjò lè dá l'Ékòó kómi ṣì máa pọ̀ sí i.

Nọ́ọ̀sì Bíọ́lá: Ẹ má mu omi kànga yẹn rárá, ìgbẹ́ inú sókàwéè gbogbo àdúgbò ti dà sí i. Tẹ́nikẹ́ni bá ń ṣu omi funfun bí omi ìrẹsì, onígbáméjì ni kẹ́ ẹ fura sí, ọsíbítù lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́.

Ìyá Dárà: Ẹ ṣé gan-an. A ti paná látọjọ́ tó wọlé. Màmá ni wọn ò gbà láti kúrò, ẹ̀rù ọkọ̀ ojú omi ń bà wọ́n.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n á gbọ́ tọmọ wọn. Kétu ni mo wà, àwọn ìbejì ti padà síléèwé, yàrá wọn ṣófo. Ẹ kó gbogbo wọn wá lónìí kílẹ̀ tó ṣú, tẹ́ ẹ bá ti dé Mile 12 ẹ pè mí, màá wá fi mọ́tò gbé Màmá.